Ẹni Tí Ò Bá Dáhùn, Ó Ti Kọ̀

Àwọn èèyàn yẹn gbọ́n, ọgbọ́n wọn sì ti fẹ́ di àgbọ́njù. Àwọn márùn-ún ni Ààrẹ tuntun ní kí wọ́n bá òun yẹ àwọn tí òun fẹ́ fi sípò wò, wọ́n sì dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí fóònù tí ẹlòmíì ò mọ̀ sí. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí orúkọ bá jáde, ẹni tó bá fẹ́ onítọ̀hún á kọ "ó yẹ." Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ á dákẹ́. Bí ẹyọ ẹnìkan bá ti dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó parí fún orúkọ náà. Lọ́yà tó wà láàárín wọn ló gbé òfin náà kalẹ̀. Ó ní bí aráàlú bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kan, wọn ò ní bá ọ̀rọ̀ burúkú kankan níbẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọwọ́ ṣe ń mọ́! Wọ́n ń ba ti èèyàn jẹ́, wọn ò sì yanu. Inú gbogbo wọn dùn sí òfin náà gan-an.

Kálámù ni wọ́n ń pe ẹni tó kéré jù nínú wọn, nítorí òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ ń kà nígbà ìpolongo ìbò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì ń wù ú bí nǹkan míì kó di agbẹnusọ Ààrẹ. Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ ti ra kóòtù tuntun fún un, ó ti gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, orúkọ tó jáde fún mínísítà omi ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n gidi ni o, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ omi ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé, òun ló sì fa omi dé àwọn àdúgbò tí àwọn ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀ ti ní kò ṣeé ṣe. Òun náà ló tọ́ Kálámù lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Lọ́yà kọ "ó yẹ." Dókítà tó wà nínú wọn náà kọ "ó yẹ." Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, kọ "ó yẹ, ó yẹ, ó yẹ." Oníjígí tó jẹ́ ọ̀gá wọn kọ tirẹ̀, ó wá fi kún un pé: "Kálámù, ìwọ la ń dúró dè. Àmọ́ o mọ̀ pé Ààrẹ ò ní fún ilé kan ní ipò méjì."

Kálámù gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ó tẹ lẹ́tà kan, ó pa á rẹ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé èèyàn kì í jẹ́rìí ọmọ ìyá ara rẹ̀, pé wọ́n á ní ó ń ṣojúsàájú. Irọ́ gbuu! Kóòtù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń wò. Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì, ó bọ́ sí kíṣìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó fi máa padà, ilẹ̀ ti ṣú, orúkọ ẹlòmíì sì ti wà níbẹ̀ fún mínísítà omi. Orúkọ Kálámù ló tẹ̀ lé e, fún agbẹnusọ. Kíá ni gbogbo wọn dáhùn. Ìyá Ẹgbẹ́ nìkan ló tún kọ̀wé sí i lẹ́yìn: "Ọmọ mi, ṣebí ọmọ ìyá rẹ nìyẹn?" Kálámù ò dá a lóhùn.

Ọjọ́ tí wọ́n kéde orúkọ àwọn tí wọ́n yàn lórí rédíò, fóònù ò sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ó ju báàgì sórí àga, ó dì mọ́ ọn.

"Agbẹnusọ Ààrẹ! Màmá ò sùn mọ́jú. Wọ́n ti pe gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n ti wá ń pe àwọn tí wọn ò mọ̀."

"Ẹ ṣé, Àǹtí mi. Ẹ jókòó."

"Ní ti tèmi, má jẹ́ kó dùn ẹ́ o. Mo gbọ́ pé orúkọ mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin márùn-ún, mo sì mọ̀ pé o jà fún mi. Mo ṣáà fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí lára mi ni, kí n lè tún un ṣe."

Ẹ gbọ́, ibi tó yẹ kí ọkùnrin ti sọ òótọ́ rè é. Ṣùgbọ́n ẹnu dídùn ò jẹ́.

"Wọ́n ní ẹ le jù," ni Kálámù wí. "Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù yín."

Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Wọn ò purọ́," ló wí. "Bí páìpù bá ti bẹ́, ariwo ni mo máa ń pa. Mi ò mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀." Ó gbé fóònù, ó pe fóòmánù, bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́la. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Rárá o, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Mo ti le mọ́ yín jù."

Kálámù ń gbọ́ ohùn bàbá náà láti inú fóònù: "Mádàámù, ṣé ara yín le? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bò ó fún mi, sà. Ẹ ṣáà dárí jì mí." Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ìtìjú gbá Kálámù mú. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí òun jókòó sórí àga hùmọ̀ fún un láàárọ̀ yìí!

"Àǹtí mi, irọ́ ni mo pa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù. "Èwo nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ yín. Èmi ni mi ò dáhùn."

Ó rò ó fún un délẹ̀, àti òfin àwọn márùn-ún, àti ọ̀rọ̀ ilé kan ipò méjì, àti abọ́ tó ń fọ̀. Kò lè gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún fóòmánù pé òun á padà pè é.

"Ṣé wọ́n bi ẹ́?"

"Wọ́n bi mí."

"O sì rí i?"

"Mo rí i, Àǹtí mi."

Ká ní ó pariwo ni, tàbí kó gbá a létí, ì bá sàn fún Kálámù. Obìnrin náà kàn dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti yíjú padà.

"Má jẹ́ kí Màmá gbọ́," ló wí. "Mi ò tíì rí wọn kí inú wọn dùn báyìí látìgbà tí Bàbá ti kú."