Ẹ Má Yí Ìbéèrè Náà Po

Ìyá Elétí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ fún un lórúkọ yẹn. Agbaninímọ̀ràn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó sí yàrá kékeré kan láti àárọ̀, kó máa gbọ́ ohun tó ń jẹ àwọn èèyàn lọ́kàn. Obìnrin tí oorun ti dá lójú rẹ̀ á wọlé, bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú á wọlé, ọ̀dọ́ tí àyà rẹ̀ ń já láìnídìí á wọlé. Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé ara fúyẹ́ táwọn bá ti rí i. Òun náà á wá ti ilẹ̀kùn, á gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, á wọkọ̀ lọ sílé tí kò ti sẹ́ni tó máa kí i káàbọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ìlú òkèèrè, ó sì máa ń pè é lọ́jọ́ Àìkú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lórí fóònù ti wá dà bí ìkíni àwọn tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ara ńkọ́?" "Ara le." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "Iṣẹ́ ń lọ." Ọmọ-ọmọ á bú sẹ́kún lẹ́yìn, ọmọ á ní òun ń bọ̀ ná, fóònù á sì gé. Obìnrin tó lè fọgbọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ti di ẹnu pa fún oṣù mélòó kan kò mọ bó ṣe máa sọ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, má tíì gbé e sílẹ̀."

Lọ́dún yẹn, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ parí. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ èèyàn gbọ́dọ̀ máa padà sí kíláàsì lóòrèkóòrè, kí ìmọ̀ rẹ̀ má bàa dípẹtà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n á ní, "Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ wa tá ò tíì mọ̀?" Ìyá Elétí ní tirẹ̀ máa ń fojú sọ́nà fún un, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ nìkan ló ti máa ń rí ẹni bá jẹun lórí tábìlì kan náà.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wà. Wọ́n ti to àga oníke yí ká, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń gbọ̀n jìgìjìgì lára ògiri bí ẹni tí ibà mú. Ẹni tó jókòó ti Ìyá Elétí ni ọ̀dọ́kùnrin kan, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbi tó jìnnà. Kó tó di pé wọ́n mu tíì àárọ̀, gbogbo kíláàsì ti ń pè é ní Aláwàdà. Ó wo ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ yìí nímọ̀ràn, ìpayà ń dà á láàmú." Òun náà ló lọ bu tíì wá fún Ìyá Elétí.

"Ẹ gbà á, mà. Kí ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mo níwà."

"Ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù," ni Ìyá Elétí wí.

"Ìwà náà nìyẹn, mà."

Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti pa Ìyá Elétí tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà obìnrin kan tó ga, tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ló ń kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ohun tó fẹ́ kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe máa bi èèyàn bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹnu máa ń wúwo," ni dókítà wí. "Ẹ̀rù máa ń bà yín pé ẹ lè fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ ò ní fi sí i lọ́kàn. Tó bá wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ má bi í pé, 'Ṣé kì í ṣe pé ò ń ro ìròkurò ṣá?' Ìdáhùn tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ lẹ ti fi sẹ́nu rẹ̀ yẹn. Ẹ má yí ìbéèrè náà po. Ẹ wò ó lójú, kí ẹ bi í bó ṣe jẹ́. Tó bá sì ti dáhùn, ẹ má sáré sọ̀rọ̀. Ẹ dúró tì í."

Ó ní kí wọ́n pín sí méjì-méjì, kí ẹnì kan ṣe bí aláìsàn, kí ìkejì bi í léèrè. Ìyá Elétí ló kọ́kọ́ ṣe aláìsàn. Ipa obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n yàn fún un. Aláwàdà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, àwàdà sì kúrò lójú rẹ̀ pátá.

"Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá délé, mà?"

Ìyá Elétí lanu láti dáhùn bí obìnrin tó fẹ̀yìn tì yẹn. Ilé tirẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn.

"Rédíò," ló sọ níkẹyìn.

Aláwàdà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mirí, bí ẹni tó mọ rédíò yẹn dáadáa.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ àyè, dókítà ní kí àwọn méjèèjì bọ́ sí àárín kí gbogbo èèyàn lè wò wọ́n. Ó ní kí Aláwàdà ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga kan tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Aláwàdà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré. Ó ní bàbá òun máa pa òun, ó ní òun ti ń wá ilé ẹ̀gbọ́n màmá òun tí òun máa sá lọ. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ìyá Elétí rọra ń bi í léèrè, ó sì ń dáhùn, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

"Àwọn èèyàn fẹ́ràn mi," ló wí. "Wọ́n á ní mo máa ń pa àwọn lẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti ti wọ́ọ̀dù lálaalẹ́, mo máa ń dúró síbẹ̀ tèmi ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mi ò kì í mọ ibi tí mo fẹ́ lọ."

Ìyá Elétí wò ó lójú. "Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Aláwàdà dáhùn.

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, làwọn yòókù bá gbà á. Dókítà ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ rí i, ó fẹ́ẹ̀ dà bí òótọ́." Aláwàdà dìde, ó tẹríba fún kíláàsì bí eléré orí ìtàgé, ẹ̀rín tún gba ibẹ̀ kan.

Ìyá Elétí nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é. Ó tún ti rí i pé àwọn tó ṣeré ṣáájú wọn ń yọjú wo dókítà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ṣe é dáadáa. Ọmọ yìí kò wo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, Ìyá Elétí kò rí Aláwàdà nídìí oúnjẹ. Ó wá a kiri títí ó fi bá a lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n kó àwọn àga tó ti kán jọ sí. Ọmọ náà jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màmá, oúnjẹ á tán o," ni Aláwàdà wí. "Àwọn agbaninímọ̀ràn wọ̀nyí, ẹ má wò wọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn, wọ́n lè jẹun."

Ìyá Elétí jókòó tì í. "Mo fẹ́ tún bi ọ́ ní ohun tí mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

"Eré ti parí, mà."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ bi ọ́ nìyẹn. Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò rí ibi dúró sí lójú rẹ̀. Ìyá Elétí dúró tì í. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń ta omi sára mọ́tò, ó ń kọrin tí kò dùn rárá.

"Ó ti pẹ́," ni Aláwàdà wí nígbà tó yá. "Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì níbẹ̀, mà. Ẹni tá a jọ ń ṣe é ti lọ, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Àwọn aláìsàn méjì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún yìí, èmi náà ni mo lọ sọ fún àwọn ará ilé wọn. Mi ò rí ẹni sọ tèmi fún. Ohun tí mo bá wí, àwọn èèyàn á kàn máa rẹ́rìn-ín." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ má sọ fún wọn, mo bẹ̀ yín. Wọ́n á ní ọpọlọ ẹni tó ń tọ́jú ọpọlọ ti dàrú. Wọ́n á gba ìwé àṣẹ mi."

"Mi ò ní purọ́ fún ọ," ni Ìyá Elétí dáhùn. "Mi ò lè fi eléyìí pa mọ́. Àmọ́ mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀."

Ìyá Elétí fi fóònù pe dókítà, kò kúrò lórí àtẹ̀gùn yẹn títí dókítà fi dé. Dókítà fi kíláàsì sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀, ó sì pe ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ, Aláwàdà kọjú sí fèrèsé.

"Ẹ ti ba ayé mi jẹ́, mà."

"Bínú sí mi," ni Ìyá Elétí wí. "Kó o ṣáà wà láyé láti bínú."

Wọ́n jókòó pẹ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kí ẹ̀gbọ́n Aláwàdà obìnrin, tí wọ́n fi fóònù pè, tó dé. Olùkọ́ ni, ibi iṣẹ́ ló ti sáré wá, ẹfun ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Kí ló ṣe é? Ó pè mí lánàá! A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí!"

Aláwàdà dìde, ó gbé orí lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré. Ẹ̀gbọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń pè é ní àbúrò mi, àbúrò mi. Ìyá Elétí dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó rí i pé iṣẹ́ òun ti parí níbẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì yára padà wọlé.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè lọ́jọ́ Àìkú, tó bi í pé iṣẹ́ ńkọ́, Ìyá Elétí ní, "Iṣẹ́ wúwo díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

"Àh, ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ rí i pé ẹ sinmi o."

Kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ.

Wọn ò fún un ní ìwé ẹ̀rí, torí kò jókòó dé òpin. Dókítà bẹ̀ ẹ́, ó ní òfin ni. Ó lọ tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ ní gbọ̀ngàn mìíràn. Ẹni tí wọ́n pín mọ́ ọn níbẹ̀ ń wo fóònù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì láti àárọ̀ títí wọ́n fi ṣe tán. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Ìyá Elétí rí i pé òun ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n Aláwàdà pè é. Ó ní àbúrò òun ti gba ìtọ́jú, ó ti ń padà bọ̀ sípò, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Wọ́n ti fi nọ́ọ̀sì mìíràn kún un.

"Ọpẹ́ o," ni Ìyá Elétí wí. "Ṣé ó wà nítòsí?"

"Ó wà níbí, mà. Ó ní kí n kí yín."

"Ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀?"

Ìyá Elétí gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ní kí ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Sọ fún un pé mi ò bínú rárá."

Ó yé e. Ohùn òun á gbé e padà sórí àtẹ̀gùn yẹn. Síbẹ̀, ó di fóònù náà mú pẹ́ lẹ́yìn tó ti gé. Láàárín gbogbo àwọn tó ti bá a sọ̀rọ̀ lọ́dún náà, ọmọ yẹn nìkan ló bi í pé ta ló máa ń bá sọ̀rọ̀ tó bá délé, kò sì jọ pé wọ́n tún máa ríra.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló pe dókítà, ó sì bi í bóyá ó mọ ẹnì kan tí agbaninímọ̀ràn náà lè lọ sọ tọkàn rẹ̀ fún. Dókítà júwe ìyá àgbà kan fún un, oníṣẹ́ bíi tiwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá àgbà náà gbà á sí pálọ̀ rẹ̀. Bí ìyá àgbà ṣe rọra ń jókòó, Ìyá Elétí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé orúnkún ló ń dùn yín? Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Orúnkún mi kọ́ la wá fún," ni ìyá àgbà dáhùn.

Ìyá Elétí rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀.

"Kò sóhun tó ń lé wa."

Ìyá àgbà kò sáré sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Ìyá Elétí bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣàjèjì létí ara rẹ̀. Orí àìsàn tó pa ọkọ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.