Orí Iṣu Kì Í Kúrò ní Ilero

Èmi Àdìgún, àgbẹ̀ oníṣu ni mí ní Ilero, n kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́ tó bá kan ọ̀rọ̀ iṣu. Ọmọ mi Mùyìbátù, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Òyìnbó, jọ mí. Nígbà tó wà nílé, bí iná bá ti lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ bú Nàìjíríà. Ó di ọdún kẹjọ tó ti wà lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bú u létí rẹ̀ mọ́.

Níbi iṣẹ́ ni òun àti Màríámù, ọmọ Gánà kan, ti fa ọ̀rọ̀. Màríámù ní kò síṣu tó tó ti Gánà. Mùyìbátù ní irọ́ ni, ó ní lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá, òun á fi iṣu bàbá òun gún iyán, gbogbo ọsibítù á sì jẹ́rìí sí i. Ló bá ń bẹ̀ mí lórí fóònù pé kí n má jẹ́ kí ojú ti òun.

Mo ṣa mẹ́ta tó gbó dáadáa. Mo gé orí wọn kúrò bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí orí iṣu lèmi fi ń ṣe èbù tí mo máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀; n kì í jẹ́ kó kúrò nílé. Gbádébọ̀, ọmọ àdúgbò wa tó ń lọ sọ́hùn-ún, ló kó wọn sínú báàgì.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gun àpáta ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Mùyìbátù pè, a sì ń rí ara wa nínú fóònù. Iyán funfun báláú. Àwọn òyìnbó ń fọwọ́ jẹ ẹ́. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, n ò ní purọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí iṣu kan tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Orí rẹ̀ wà níbẹ̀ gbagidi.

Kì í ṣe iṣu mi.

Kí n tó sọ̀rọ̀, Màríámù ti gba fóònù. Haúsá ló fi kí mi, torí ó ti gbọ́ pé mo ti bá àwọn Haúsá ṣòwò iṣu pẹ́.

“Bàbá, ọmọ yín ní iṣu yín la jẹ yìí. Mùsùlùmí ni yín. Ẹ búra.”

Mùyìbátù ò gbọ́ Haúsá, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́jú sí mi lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí eruku kó sí lójú.

Mo wúkọ́. “Wàláì, ọmọ Ilero ló gún iyán yẹn, èmi ni mo sì bí i.”

Màríámù rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ gbọ́n, Bàbá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ yín ti ra iṣu yẹn, kò kàn mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n ti gba tiyín dànù ní pápákọ̀ òfuurufú. Iṣu Kùmásì ní Gánà ni. Ṣùgbọ́n n ò ní sọ. Ohun tó ń ṣe é náà ló ń ṣe mí.”

Mùyìbátù gba fóònù padà, ó bi mí pé kí ni Màríámù sọ. Mo ní ó ní iyán náà dùn.

Lọ́jọ́ kejì ó tún pè. Ó ní wọn ò tíì sọ̀rọ̀ iyán tán níbi iṣẹ́, kí n tún wá iṣu mẹ́ta fi ránṣẹ́. Mo ní kò pọn dandan, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n Màríámù, kó má sì gbàgbé láti gé orí iṣu náà.