Kóòtù Gígùn Bàbá Ìbejì

"Ẹ nawọ́ sẹ́yìn," Ìyá Ìbejì wí, ó sì ki ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bọ apá jákẹ́ẹ̀tì tuntun náà bí ìgbà tí èèyàn ń wọṣọ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Kóòtù gígùn wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, dúdú, wúwo, ìṣó náà gan-an ti ń tẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá Ìbejì ti fi ń wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo tí àwọn ọkùnrin mìíràn ti ń wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́, Kóòtù ni wọ́n ń pè é, òun a sì máa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ṣé ó yẹ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì?

"Jákẹ́ẹ̀tì yìí ò lápò," ọkọ rẹ̀ wí.

"Àpò mẹ́ta ló ní."

"Àpò tí ò gba nǹkan kan."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó ní òun gbàgbé hánkáṣíìfù. Ó pẹ́ nínú yàrá. Nígbà tó jáde, ó nàró ṣanṣan, ó ń rìn bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

Ní gbọ̀ngàn ilé ìtẹ̀wé, kò fẹ̀yìn ti àga. Wọ́n fi orin sí i, kò jó, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ fẹ́ dì mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní Kóòtù. Ńṣe ni wọ́n ń wò ó bí àlejò. Ọkàn Ìyá Ìbejì gbọgbẹ́. Ó ń bínú sí mi, ló ń rò. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀, mo ti bà á jẹ́ fún un.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdágbére, ayafọ́tò ní kí gbogbo wọn dìde. Bàtà gogoro ti ń há Ìyá Ìbejì lẹ́sẹ̀ látàárọ̀. Láìronú, ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe níbi àríyá gbogbo. Ìgbà tó nà án tán ló rántí pé kóòtù wà nílé. Inú àpò kóòtù yẹn ni sálúbàtà rẹ̀ máa ń wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, láti ìgbà tó ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, tó ń sunkún lójú títì. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkọ rẹ̀ ra kóòtù, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Òun náà kò bi í rí. Ojú tì í, ó fẹ́ fa ọwọ́ padà.

Bàbá Ìbejì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn, níbi tí bẹ́líìtì ti fún mọ́ ọn, ó fa sálúbàtà kan yọ. Ó tún kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa èkejì.

"Wọ́n ti ń gún mi lẹ́yìn látàárọ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Tètè wọ̀ wọ́n, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò."

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn wọn ti rí i. "Áà, Kóòtù wa ló wà níbí," ó wí, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Ìbejì pẹ̀lú wọn.

Ó bọ́ bàtà gogoro, ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà. Wọ́n gbóná. Ara ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti mú ooru náà.