Ọ̀já Tí Saturnina Fi Dì Mí Láyà

Ní abúlé wa létí adágún, ẹnìkan kì í dá fun síkù. Ọ̀pá ìfèfè tí a so pọ̀ ni fèrè náà, a sì pín ohùn rẹ̀ sí méjì: ìdajì lọ́wọ́ mi, ìdajì lọ́wọ́ Casimiro. Bí mo bá ń fun tèmi, òun á mí. Bó bá ń fun tirẹ̀, èmi á mí. Ogójì ọdún la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lóṣù kẹfà ọdún tó kọjá, mo já bọ́ láti orí òrùlé tí mò ń bò. Egungun ìhà mi mẹ́ta dá. Saturnina ìyàwó mi ò pariwo. Ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó fi dì mí láyà pinpin, ó ta kókó sí apá òsì, ó sì fi eyín fà á, bó ṣe máa ń fa gbogbo kókó.

"Má tú u o," ó ní. "Èmi ni n ó tú u."

Lóṣù kẹjọ, ikọ́ ọ̀sẹ̀ méjì pa á.

Mi ò sunkún níbi ìsìnkú. Àwọn ará abúlé fi sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ta ló ń fi ìhà tó dá sunkún? Bí ẹkún bá ti gbéra, àyà á gún mi bí ọ̀bẹ, n ó sì gbé e mì. Ọ̀já náà ò kúrò lára mi. Mò ń wẹ̀ yí i ká ni, lọ́jọ́ tí mo bá tiẹ̀ rántí wẹ̀.

Nígbà tí ọdún Candelaria, àjọ̀dún oṣù kejì tí a máa ń fun fèrè fún, kù fẹ́ẹ́fẹ́, a bẹ̀rẹ̀ ìmúra, mo sì ń fo ohùn. Casimiro ò lè bá mi dí i, torí ohùn tèmi ò sí lára fèrè tirẹ̀.

"Hilario, orin ti lọ, ìwọ ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ!"

"Ọjọ́ ogbó ni."

"Ogbó wo? Èmi tí mo fi ọdún méjì jù ọ́ lọ ńkọ́? Lọ rí nọ́ọ̀sì. Tó bá fi di Sunday ọdún tí o ò lè fun, Celso ni n ó mú dípò rẹ. Má bínú."

Mo bínú. Ṣùgbọ́n mo lọ.

Nọ́ọ̀sì Yovana fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kàn mí níhà. "Ẹ mí sínú, bàbá." Àyà mi ò gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè rárá. Ó fa korobá kan jáde, ó gbé irin tí a fi ń gbé korobá náà sókè díẹ̀díẹ̀. "Báyìí ni egungun ìhà ṣe ń gbéra kí àyà lè fẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wọlé. Iṣan pẹlẹbẹ kan tún wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó ń sún wálẹ̀. Òun nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́ fún yín. Ìgbà wo lẹ di nǹkan yìí?"

"Oṣù kẹfà."

"Háà! Egungun yín ti jinná tipẹ́. Ọ̀já yìí ni àìsàn yín." Ó mú àlùmọ́gàjí.

"Bí irin yẹn bá kàn án, n ó gé ọ níka jẹ," ni mo wí, mo sì bá tèmi lọ.

Nílé, mo gbé fèrè méjèèjì, tèmi àti ògbólógbòó ti Casimiro tó wà lára ògiri mi, mo ní kí n dá a fun. Níbi ohùn kẹrin, òòyì kọ́ mi. Ilé dákẹ́. Mo dá wà, ó sì dùn mí wọra. Pòtétò gbígbẹ tí Saturnina tọ́jú, mo ti jẹ ẹ́ tán. Kókó yìí nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí kò tíì tú. Bí mo bá tú u, ta ni yóò tún un ta?

Láàárọ̀ Sunday, Casimiro wọlé bá mi níbi tí mo ti ń wọ aṣọ. Ó rí ọ̀já, ó sì dá a mọ̀.

"Ò ń retí kó wá tú u?"

Mo fa aṣọ bo kókó náà.

"Hilario, kò bọ̀ mọ́."

Mo fi ìka wá kókó náà, ó ti le koko. Mo tẹ orí, eyín mi ò dé ibẹ̀. Casimiro kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, arúgbó tí orúnkún ń dùn, ó fi eyín tirẹ̀ fà á títí ó fi tú.

Ìhà mi gbéra. Afẹ́fẹ́ wọ ibi tí kò dé láti oṣù méje, ẹkún oṣù kẹjọ sì bá a jáde, gbogbo rẹ̀, débi tí ajá ìta fi ń gbó.

"Sunkún," Casimiro wí. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Fèrè rẹ nìyí."

Ó fun ohùn tirẹ̀, ó dúró dè mí. Ẹkún ni mo fi dí àyè tèmi. Ó tún fun tirẹ̀, ó tún dúró.