Bí Walbert Ṣe Búra fún Aleidis

Ọjọ́ kẹta tí a sin Kọ́ǹtì Ernoul, olórí ilẹ̀ kékeré Rumel, Aleidis ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Èmi Heilwif, alágbàfọ̀ ilé olódi, ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, nítorí náà ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni mo dúró sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan làwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ń kúnlẹ̀, tí wọ́n ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń búra pé tirẹ̀ làwọn. Ó wá ku Walbert, àgbà gbogbo wọn.

"Kí n kúnlẹ̀ fún ìwọ tó o tọ̀ sí mi lára lọ́mọ ọwọ́?"

Ló bá fò sórí ẹṣin, ó ní òun ń lọ sin Kọ́ǹtì tó wà lódìkejì irà, ọkùnrin bíi tòun.

Aleidis yíjú sí mi. "Heilwif, ṣé Bàbá Walbert mọ̀ pé omi ti gbé afárá irà lọ?"

"Ṣé ó dúró gbọ́ ni?"

Aleidis ká aṣọ sókè, ó sì sáré, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé irà, ẹṣin ti jáde, ó ń jẹko. Walbert wà nínú ẹrẹ̀ dé àyà pẹ̀lú ẹ̀wù irin, ó ń rì.

Aleidis dojú bolẹ̀ lórí pákó kan tó ṣẹ́ kù lára afárá. "Bàbá, ẹ mú ọwọ́ wá."

"Fi mí sílẹ̀!"

"Ẹ̀yin ọ̀pọ̀lọ́," mo pariwo, "ẹ wá kí àlejò yín o!"

Ìyẹn ló mú un na ọwọ́. A di ẹsẹ̀ Aleidis mú, a fà wọ́n títí Walbert fi já jáde, láìsí bàtà.

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ọmọ náà. "Ó ti bá mi. Mo ti búra nìyẹn."

Aleidis tú u sílẹ̀. "Rárá o, Bàbá. Mi ò gba tipátipá. Bó bá wù yín kẹ́ ẹ lọ, màá wá ẹni tó mọ̀nà fún yín."

Walbert wá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó tún na ọwọ́ méjèèjì fúnra rẹ̀.

"Tìẹ ni mí." Ó họ orí. "Ẹ má bínú. Tiyín ni mí."

Ní ọ̀sán yẹn, a jẹ ẹja gígùn inú irà, a mu bíà. Ẹ̀wù Kọ́ǹtì Ernoul la fún Walbert wọ̀, kò kọjá orúnkún rẹ̀, ó sì fi jó yí alásè wa ká. Aleidis rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.