Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Mìíràn

Kọ́kọ́rọ́ náà kán. Ìdajì rẹ̀ kù sọ́wọ́ Mùsílíù mẹkáníìkì, ìdajì kejì há sínú ihò tí wọ́n fi ń ṣáná sí ọkọ̀.

"Ó parí," ni Mùsílíù wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀. "Ọ̀gá, mo sọ fún yín pé ẹni tó bá yín gé kọ́kọ́rọ́ yìí l'Ọ́yọ̀ọ́ ò mọ̀ ọ́n gé. Irin rẹ̀ ti rọ̀ jù."

Nathaniel Olúbùsọ́lá ni ó ni ọkọ̀ náà. Ó jókòó síwájú nínú Píjò rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tí Mùsílíù fi ṣe ṣọ́ọ̀bù n'Ìlọràá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀ bí ẹni pé ó ń wà á lọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà ti bọ́ láti àpò ṣòkòtò rẹ̀ sínú ṣáláńgá ilé rẹ̀ ní Fìdítì. Kò sí ẹni tí yóò wọ inú ibẹ̀ lọ wá a. Ó ti dé Ìbàdàn, ó ti dé Ọ̀yọ́. Àwọn tí ń ta tòkunbọ̀ da kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un bí ẹni da ẹ̀wà sórí ẹní. Èyí tó wọ ihò kò yí. Èyí tó jọ pé yóò yí kò wọ ihò. Ọkọ̀ náà ti dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún tí ìjọba fi owó Údójì kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni ó rà á, nígbà tí tíṣà ṣì ń ra ọkọ̀ tuntun. Ní ọdún 1992 tí a ń wí yìí, owó oṣù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bíi tirẹ̀ kò lè ra táyà méjì. Kí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù pàápàá ni sítátà ti kú, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ló ń ti ọkọ̀ náà láràárọ̀ kó tó gbaná.

Mùsílíù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tẹrí mọ́ fèrèsé ọkọ̀.

"Ọ̀kan wà o," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ọdún kan náà ni òun àti tiyín jáde. Sítátà rẹ̀ wà, ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ti òyìnbó gan-an. Àmọ́ ẹ má bi mí níbi tó ti wá."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Nathaniel ti fi ń kọ́ ọmọ pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kò bèèrè.

"Ṣé yóò bá a mu?" Ohun tó bi í kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn, Ọ̀gá."

Ọjọ́ kẹta ni Mùsílíù dè é mọ́ ọn. Nathaniel ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ sì dáhùn bíi ti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wálé. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ nìkan ni kò gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́ tuntun náà, wáyà ni ó fi ń so ó. Ìyẹn kò dùn ún. Nígbà tó dé iwájú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Ọ̀ṣuntóyìn tí ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó létí títì pàtẹ́wọ́ tòun ti oyún ńlá níwájú.

"Bàbá Tíṣà! Ọkọ̀ yín mà ti gbádùn! Ẹ bá mi kí i kú ewu o!"

Ó mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan tó ti pọ́n dáadáa, ó tì í gba ojú fèrèsé wọlé. Nathaniel ní kó wá gbowó, ó kọ̀. Ó ní ọkọ̀ ni òun fún, kì í ṣe bàbá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà l'Ọ́yọ̀ọ́. Nathaniel wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láàárọ̀, aago méjì ọ̀sán kò sì tíì lù tó fi ń padà bọ̀. Bó ṣe kúrò n'Ìlọràá díẹ̀, ó pàdé alùpùpù kan tó ń sáré bọ̀ wá lójú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: ẹni tó ń wà á, obìnrin kan láàárín tó fi orí lé èjìká rẹ̀, àti ọkùnrin kan lẹ́yìn tó fi apá méjèèjì gbá obìnrin náà mú. Ìró obìnrin náà tú, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sójú títì. Ẹni mẹ́ta lórí alùpùpù kan! Nathaniel tẹ fèrè mọ́ wọn, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó sì mi orí sí ìwà àìbìkítà àwọn ènìyàn òde òní. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn kò wẹ̀yìn. Ẹnu rẹ̀ wà létí obìnrin náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tó dé Fìdítì, àtẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà létí títì, kò sí ẹni tó jókòó tì í. Eṣinṣin ti bo èyí tí wọ́n gé sílẹ̀.

Rachel ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un. Láti òwúrọ̀ ni Ọ̀ṣuntóyìn ti ń rọbí ní ilé ìgbẹ̀bí Òkè-Àánú, kò ju ìbùsọ̀ kan sílé wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ dà, kò dúró. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Ọ́yọ̀ọ́ kíá. Áńbúláǹsì ilé ìgbẹ̀bí kò ṣeé gbé. Ifátúndé ọkọ rẹ̀ sáré wá sílé wọn, ó kan ilẹ̀kùn bí ẹni tí yóò fọ́ ọ.

"Mo ní ẹ ti gbé ọkọ̀ lọ sí ìpàdé," ni Rachel wí. "Ó gbé ọwọ́ lérí. Wọ́n dúró létí títì, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ ló ń sáré kọjá. Alùpùpù ni wọ́n wá rí."

Ọ̀ṣuntóyìn ti kú kí wọ́n tó dé Awẹ́, òun pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀. Ifátúndé kò mọ̀. Wọ́n ní ó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára òkú.

Lọ́jọ́ kejì, Nathaniel lọ sí Òkè-Àánú láti kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kú ìrọ́jú. Dorothy, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, kò sunkún. Ojú rẹ̀ ti gbẹ koko.

"Bàbá, ẹ wá wo ohun tó pa á," ni ó wí, ó sì mú un lọ sẹ́yìn ilé.

Abẹ́ páànù kan ni áńbúláǹsì náà wà, Píjò funfun elẹ́yìn gígùn. Dorothy ṣí iwájú rẹ̀ sókè. "Ẹ wò ó. Wọ́n ti yọ sítátà. Ẹ tún wo ibi ìdarí, wọ́n yọ ojú kọ́kọ́rọ́ pàápàá, bí ìgbà tí wọ́n yọ ojú ẹran. Akínwálé tó ń tọ́jú ẹrù níhìn-ín ló kó gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní òun ń gbé e lọ tún ṣe. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ̀wé. Ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn wà lẹ́yìn níbẹ̀, ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn, kò sí kọ́kọ́rọ́. Aṣọ ni a fi gbé e dé títì, Bàbá. Aṣọ ìró."

Aláìsàn kan ké pè é nínú ilé, ó sáré lọ. Nathaniel nìkan ló ṣẹ́ kù lábẹ́ páànù.

Ó yí lọ sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Píjò pọ̀ nílẹ̀ yìí, pé ohun tí òun ń rò kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò, ó tì í bọ ihò ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ náà wọlé. Ó yí i, ó sì yí wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí wàhálà, ilẹ̀kùn sì ṣí sókè fúnra rẹ̀. Ibùsùn náà wà nínú rẹ̀, wọn kò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí kọ́kọ́rọ́ yẹn?"

Dorothy ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Nathaniel kò lè yíjú sí i. Ibi tó dúró sí náà ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, bó ṣe bá Mùsílíù sọ ọ́ àti bí kò ṣe bèèrè. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ tán.

"Ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí," ni ó wí. "Ṣé ẹ ó sọ ọ́ níwájú wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi?"

"Màá sọ ọ́."

Òótọ́ inú rẹ̀ ni ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè ṣáná sí ọkọ̀ kó má gbọ́ ìró kan tẹ̀lé e, ìró fèrè tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ pẹ́ lójú títì Ìlọràá. Yóò pa ọkọ̀, yóò tẹ́tí sílẹ̀. Kò sí nǹkan. Yóò tún ṣáná sí i, fèrè yóò tún dún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìjókòó ìgbìmọ̀, Akínwálé wá kí i lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ nígbà kan ni. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó gba omi tí wọ́n bù fún un.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Bàbá," ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ní ẹni tó gbé epo lájà nìkan kọ́ lolè. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá lanu, èmi yóò lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́. Ó ṣì ku ọdún kan kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Mùsílíù ti kúrò n'Ìlọràá, kò sí ẹni tó mọ̀ àfi nọ́ọ̀sì yẹn. Ìfẹ́ tí mo ní sí yín ni mo fi wá o."

Nígbà tó lọ tán, Rachel jáde láti yàrá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bí wọ́n bá gbé yín lọ," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé obìnrin náà yóò dìde ni?"

Ẹni márùn-ún ló jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Dorothy ti ka ìwé rẹ̀ tán kí wọ́n tó pe Nathaniel. Alága bọ̀wọ̀ fún un, ó ní kó jókòó.

"Ọ̀gá, nọ́ọ̀sì ní kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ yín ló ṣí áńbúláǹsì. Ṣé òótọ́ ni?"

Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpò rẹ̀. Òun ló fi ṣáná sí ọkọ̀ tó gbé e wá. "Mo lọ kí wọn kú ìrọ́jú ni," ni ó wí. "N kò mọ nǹkan kan nípa kọ́kọ́rọ́." Ohùn rẹ̀ já gaara, ohùn tó fi ń pe orúkọ ọmọ láràárọ̀. Kò sí ẹni tó tún bi í ní ohunkóhun. Ta ni yóò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ ń purọ́? Dorothy ká ìwé rẹ̀ pọ̀. Ó kàn ń wò ó bí ọmọ tí wọ́n nà fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé nọ́ọ̀sì náà jáfara, ó sì fẹ́ ba orúkọ ènìyàn rere jẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú jíjìn kan lápá Ṣakí. Wọn kò rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n ti ti ilé ìgbẹ̀bí Òkè-Àánú pa, wọ́n sì ta áńbúláǹsì náà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Akínwálé ló kọ ìwé títà rẹ̀.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ wá di dandan fún gbogbo aboyún. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ládùúgbò tí kì í jáni kulẹ̀ ni Píjò Bàbá Tíṣà, ilé rẹ̀ ni wọ́n sì ń sáré wá. Kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò gba owó epo. Wọ́n gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òun a máa tẹ orí ba títí wọn yóò fi ṣe é tán. Ó ti rù, ara rẹ̀ ti gbẹ, Rachel rò pé àìsàn àgbà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọdún tó tẹ̀lé e, Ifátúndé ló wá. Ifáníkẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ń rọbí. Wọ́n tẹ́ ọmọbìnrin náà sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá rẹ̀ gbá a mú, Ifátúndé sì wọlé sí iwájú kí Nathaniel tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ti ń sún mọ́ Ìlọràá kí Ifátúndé tó lanu.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ sọ fún yín tipẹ́."

Nathaniel dín eré ọkọ̀ kù.

"Ọjọ́ tí Ọ̀ṣuntóyìn kú, a wá sílé yín, ẹ ti jáde. Bí ẹ bá wà nílé lọ́jọ́ náà, ì bá má kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni mo ń sọ ọ́ fún. Kò sí òwúrọ̀ kan tí n kì í fi orúkọ yín gbàdúrà."

Ifáníkẹ́ kérora lẹ́yìn wọn. Nathaniel tẹ iná mọ́ ọkọ̀, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì sáré jáde, wọ́n bá ọmọbìnrin náà láàyè, wọ́n gbé e wọlé. Nathaniel bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ifátúndé bọ́ fìlà rẹ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná.

Nathaniel na ọwọ́ láti gbé e dìde. Àwọn tó wà létí ọ̀nà dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Ifátúndé kò mira, àyà rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń dúró kí bàbá súre fún òun kí òun tó dìde.