Fèrè Sọjí ní Ọ̀rà

"Òkú ọ̀fọ̀ kì í kọrin fún ìyá rẹ̀." Bàbá Oyèlẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ló sì tó jiyàn? Ẹ̀gbọ́n mi Olúsọjí kú sí Èkó ṣáájú ìyá wa, kò tíì gbéyàwó. Wọn kò jẹ́ kí ìyá wa mọ ojú oórì rẹ̀. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ dànù, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú agbo ilé mọ́. Inú bí èmi Bọ́láwùmí, inú mi ò sì tíì rọ̀ títí di òní. Ẹni tí fèrè rẹ̀ ń jí wa láràárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàgbé irú rẹ̀ nìyẹn?

Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ fèrè idẹ náà. Ó gbé e lọ Èkó, ó ń fọn orin jáàsì nílé ijó, ó sì ṣe àwo kan ṣoṣo kí ibà tó mú un lọ. Ṣéhù onímọ́tò ló ra àwo náà bọ̀. Ẹ̀rù Bàbá Oyèlẹ́yẹ kò jẹ́ kó gbé e wọ Ìlá, ìlú wa, ó fi í sọ́dọ̀ Àdìsá àbúrò rẹ̀, aránṣọ ní Ọ̀rà, tó ní giramafóònù.

Nígbà tí Ṣéhù sọ fún mi, mo sọ fún Dinah ìyá wa. Lọ́jọ́ kejì ó ká aṣọ kan, ó ní òun ń lọ rán bùbá ní Ọ̀rà.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ Ṣéhù ń rìn jẹ́jẹ́ nínú kùrukùru, igi ọ̀pẹ ń yọ sí wa, wọ́n tún ń pòórá. N kò mọ̀ bóyá àwa là ń lọ ni, àbí ojú ọ̀nà ló ń sún kọjá.

Àdìsá yí ẹ̀rọ, ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Dùrù ló kọ́kọ́ dún. Lẹ́yìn náà fèrè rọra wọlé, ó kún ṣọ́ọ̀bù bí òórùn ọbẹ̀ ti ń kún ilé. Mo rí Sọjí, mo búra, tòun ti ṣòkòtò péńpé, ó dúró létí odò, ó ń fọn fèrè sí omi. Ìyá wa dijú.

"Ẹ gbọ́?" ló wí. "Ó mí! Kó tó tún fọn ọ́n, ó mí sínú. Bó ti máa ń mí nìyẹn tó bá sunkún tán ní kékeré."

Ó ní kí Àdìsá tún gbé e sí i. Ó ń gbọ́ ọ títí oòrùn fi yẹ̀.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a délé.

"Ìyàwó, bùbá tí o lọ rán dà?"

Mo ti ń wá irọ́ tí n ó pa. Ìyá wa kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ọmọ mi ni mo lọ gbọ́ nínú àwo."

 Mo ń retí ìbínú Bàbá. Ó wo ilẹ̀.

"Ṣé ó fọn ọ́n dáadáa?"

"Ó fọn ọ́n dáadáa, bàbá."

"Ẹ sọ fún Ṣéhù," ni Bàbá wí, "kó wá gbé mi lọ Ọ̀rà lọ́la."